Ohun Tí Ẹ Ó Bá ní West Midlands, àti Ìdí Tí Kúlà Fi Wà Nínú Àpótí Yín

Hyattsville, Maryland
Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 2008

Ẹ̀gbọ́n mi Bísọ́lá,

Bí wọn kò bá tíì gbé oúnjẹ inú ọkọ̀ òfuurufú dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ dá lẹ́tà yìí padà sínú Bíbélì ná. Ó gùn, ebi kì í sì í jẹ́ kí ìmọ̀ràn wọ̀ yín létí. Bí ẹ bá ti yó, ẹ máa kà á lọ. Bí ọkọ̀ bá ń mì jìgìjìgì, ẹ di àga mú kí ẹ ṣì máa kà á lọ, torí pé ojú mi rí nǹkan kí n tó kọ ọ́ tán.

Lẹ́tà òbí ni o, ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílé wa, ọmọ kì í lọ sí ìdálẹ̀ kí òbí má kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn sínú Bíbélì rẹ̀. Èyí tí Bàbá Àgbà kọ fún Mọ́mì nígbà tí wọ́n ń kúrò ní Ìbàdàn ṣì wà nínú tiwọn, ó ti gbẹ bí ewé ẹ̀kọ àná. Ṣùgbọ́n ṣíìfù wákàtí méjìlá ni Mọ́mì ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n sì tún gba ti nọ́ọ̀sì kan tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí á tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì, wọ́n mú bírò, wọ́n kọ “Ọmọ mi ọ̀wọ́n”, oorun sì gbé wọn lọ. Bírò yẹn fa ìlà kan láti orí ìwé títí dé orí aṣọ tábìlì, bí ọ̀nà tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n ti ìwé náà sí mi. “Táyọ̀, gbà. Ìwọ lo gbé ilẹ̀ ọ̀hún fún ọdún mẹ́ta. Èmi ò mọ̀ ju ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lọ níbẹ̀. Kọ ọ́ bí òbí ṣe ń kọ ọ́, màá fọwọ́ sí i.”

Òbí! Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Orí mi wú débi pé fìlà Gòláyátì kò lè gbà á. Lójú ẹsẹ̀ ni mo kọ ọ́ pé, “Bísọ́lá ọmọ mi, inú mi dùn sí ọ, mo sì fẹ́ kí o fetí sílẹ̀…” Ọwọ́ Mọ́mì dún lórí mi gbàù.

“Ta ni ‘ọmọ mi’? Ta lò ń sọ ‘ìwọ’ sí? Ẹni tó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn? Mo ní kí o ṣe adelé, n ò ní kí o gorí oyè!”

Nítorí náà, adelé òbí ló ń bá yín sọ̀rọ̀, “ẹ” sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Inú kèrègbè ni West Midlands ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà.

Kókó kan ni Mọ́mì fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní òun ni kó ṣáájú gbogbo rẹ̀: “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má débi ilé Yétúndé. Kó má kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyókù, kọ èyí tó bá wù ọ́.” Ẹ mọ̀ wọ́n: Màmá Walsall, àbúrò Mọ́mì, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ẹ̀yin àti Mọ́mì ti wọ Maryland ṣáájú mi. Ọdún mẹ́rin rèé tí àwọn méjèèjì kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀yin ẹnjiníà tuntun fi ń lọ háyà yàrá lọ́wọ́ obìnrin tí ẹ kò rí rí ní Coventry, ẹni tó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn kì í dín ata nínú ilé òun lẹ́yìn aago méje, nígbà tí ẹbí yín wà ní ibi tí ọkọ̀ ojú irin méjì lè gbé yín dé.

Mo gbọ́ ohun tí Mọ́mì wí. Mà á dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ka ilẹ̀ náà fún yín.

Èkíní. Ẹ má lọ máa retí káúńtì bíi tiwa. Prince George’s níbí ní olórí, ó ní ọlọ́pàá, ó ní ọkọ̀ akólẹ̀. Bí ẹ bá já iná pupa, káúńtì á mọ̀, á sì kọ̀wé sí yín kí ẹ tó délé. West Midlands kò rí bẹ́ẹ̀. Káúńtì ni lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò ní ìgbìmọ̀ kan tó ń ṣàkóso gbogbo rẹ̀. Ilé tí kò ní baálé ni, tí ìyàwó méje sì ń dáná nínú rẹ̀: Birmingham, Wolverhampton, Dudley, Sandwell, Solihull, Coventry, Walsall. Birmingham ni ìyáálé, òun ló ní ìkòkò tó tóbi jù. Wolverhampton ń bá a fa wàhálà lórí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Dudley ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń wá ògbufọ̀ fún. Sandwell kì í tilẹ̀ í ṣe ìlú, ìlú mẹ́fà ni wọ́n dì pọ̀ bí igi ìdáná. Solihull ń tú lọ́fínńdà sára kó tó lọ pọnmi. Coventry tí ẹ ń lọ jókòó sí ọ̀tọ̀, pápá oko ló wà láàárín òun àti àwọn yòókù, bí ìyàwó tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀ lọ́wọ́. Walsall… ẹ jẹ́ kí n fi Walsall sílẹ̀ ná.

Àṣìṣe tèmi níbẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi níléèwé ní Walsall, olùkọ́ ní kí n dìde kí n kí kíláàsì. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń díje fún ipò, mo ní inú mi dùn láti wá gbé ní Birmingham. Eṣinṣin tó ń fò dúró nínú afẹ́fẹ́. Ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti bọ́ wá sọ pé, “Ibí kì í ṣe Birmingham.” Oṣù mẹ́ta ni gbogbo iléèwé fi ń pè mí ní Birmingham, títí kan obìnrin tó ń bu oúnjẹ ọ̀sán. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ béèrè orúkọ ibi tí ẹ dúró sí kí ẹ tó yìn ín. Bí ẹnikẹ́ni ní Coventry bá sì béèrè bóyá ìlú wọn dára ju Birmingham lọ, ẹ ti mọ ìdáhùn kó tó parí ọ̀rọ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin Metro ní Greenbelt, ó dá a lójú pé ibì kan ló ń lọ. Irú ìgbàgbọ́ yẹn ni mo gbé lọ sí Birmingham, kí n tó mọ Metro rárá, òun ló sì fẹ́ pa mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ọjọ́ Sátidé kan, Màmá Walsall wà níbi iṣẹ́, nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo sì yọ́ jáde láti lọ wo màlúù onídẹ tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà ọjà tuntun ní àárín Birmingham. Mo wọ bọ́ọ̀sì kan dé Perry Barr. Níbẹ̀ ni mo rí bọ́ọ̀sì kọkànlá, alájà méjì, àjà òkè ṣófo, ìjókòó iwájú ń pè mí lórúkọ. Mo gòkè. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì kọkànlá kò ní ibi tó ń lọ? Yíyí ló ń yí ìlú po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn! Mo wo ilé, mo wo ilé, oorun gbé mi. Nígbà tí mo jí, òórùn ṣokoléètì gba gbogbo ọkọ̀, mo sì rò pé mo ti kú, pé ọ̀run nìyí, àwọn áńgẹ́lì ló ń se ṣokoléètì. Bournville ni, níbi tí wọ́n kọ́ abúlé yí iléeṣẹ́ ṣokoléètì ká. Inú mi dùn pé mo kú dáadáa, mo tún sùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lórí bọ́ọ̀sì yẹn. Ó dáa, wákàtí mẹ́rin. Awakọ̀ ló gòkè wá bá mi. Ó ní, “Ọmọ, ìgbà kejì rèé tí o ń kọjá Perry Barr. Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?”

Nígbà tí mo padà dé Walsall, òjò ń rọ̀, irú òjò ibẹ̀ tí kì í wá láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá. Màmá Walsall dúró ní ibùdókọ̀, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n so ìró mọ́ orí kóòtù. Gbogbo awakọ̀ tó bá dúró ni wọ́n ń béèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti di ojú pọ̀, mo ń retí ìgbátí. Wọ́n ní, “Ṣé ebi ń pa ọ́?”

Ẹ ṣe àmì síbi gbólóhùn yẹn. Ẹ máa padà síbẹ̀.

Ìmọ̀ràn: ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì ń parí sí kí ẹ tó wá ìjókòó. Bó bá ní òun kì í parí, ẹ sọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibi ìgbafẹ́, torí pé ẹ̀yin kì í sinmi, iṣẹ́ á kàn gbé yín mì. Ẹ lọ wo màlúù onídẹ yẹn, kí ẹ má gùn ún, wọ́n máa ń lé ènìyàn. Ilé ìtajà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi àwo fàdákà róbótó-róbótó bò láti òkè délẹ̀, ẹ ó rò pé ẹja ńlá kan tó kún fún ìpẹ́ ló jáde látinú òkun tó wá jókòó sí àárín ìlú. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ará Birmingham mẹ́wàá ni yóò sọ fún yín, láàárín ọjọ́ méjì, pé tiwọn gùn ju ti Venice, ìlú orí omi, lọ. Bí ẹni kẹwàá bá ń sọ ọ́, ẹ lanu bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn níbẹ̀.

Ní Dudley, ìjòyè àtijọ́ kan fi ilé olódi rẹ̀ sílẹ̀ sórí òkè, wọ́n sì kó ẹranko yí i ká. Màmá Walsall mú mi lọ wo kìnnìún. Òjò ti pa á títí irun ọrùn rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bá a gba físà. Kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n ti tún odindi àdúgbò ayé àtijọ́ kọ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú iléèwé. A wọ iléèwé náà. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú mú pàṣán lọ́wọ́, ó ní kí gbogbo wa na ọwọ́ kí òun wo èékánná wa. Màmá Walsall, odindi àgbàlagbà, fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn! Nígbà tí a jáde, wọ́n ní, “Iléèwé mi ní Ìbàdàn gan-an nìyí. Èmi ni mo tún sanwó wọlé wá wo ìyà mi.” A rẹ́rìn-ín títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá màlúù dín ẹja àti ànàmọ́ òyìnbó.

Coventry tiyín wá ńkọ́? Ère obìnrin kan wà lórí ẹṣin ní àárín ìlú, kò wọ nǹkan kan. Màmá Walsall fi ìborùn bò mí lójú. Ìborùn olójú-ihò ni, mo rí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a lọ sí kàtídírà. Méjì ni. Bọ́ǹbù bá ti àtijọ́ jẹ́ nígbà ogun, ògiri rẹ̀ nìkan ló kù, ojú ọ̀run ni òrùlé rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́ tuntun tì í. Èmi ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta áísíkiriimù. Màmá Walsall dúró pẹ́, wọ́n ní, “Wọn ò wó o, wọn ò sì fi í pamọ́. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo ayé rí ojú àpá.” Mo ní ṣé wọ́n ń tà á níta ni àbí nínú ilé.

Àti pé òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Òsì! Bí ẹ ṣe ń wa ọkọ̀ lórí títì Beltway, tí ẹ ń jẹun, tí ẹ ń lẹ ojú mọ́ dígí, ẹ má dán an wò. Oríta kan wà létí Birmingham tí àwọn ọ̀nà rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí sùpàgẹ́tì, orúkọ tí wọ́n sì fún un nìyẹn. Mo gbọ́ pé àwọn kan wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́, wọ́n jáde pẹ̀lú ewú.

Ẹ ti rí i pé mo ń sá. Ẹ̀kẹrin ló kàn, òun sì ni Mọ́mì ní kó jẹ́ èkíní.

Ẹ mọ̀ mí. Bí mo bá rí ológbò, ẹkùn ni mo máa ń pè é. Ibi tí mo dé yìí, n kò fi iyọ̀ kún un.

Oṣù mẹ́fà ni Mọ́mì ní màá lò ní Walsall lẹ́yìn ìsìnkú Dádì, kí ìwé mi tó jáde. Ó di ọdún kan, ó di méjì, ó wọ ẹ̀kẹta. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Mọ́mì ń fi káàdì fóònù pè mí, ẹ̀yin náà á gba fóònù, ẹ ó máa sọ fún mi nípa ọgbà eré inú káúńtì yín, níbi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè ọ̀run tó sì ń já ènìyàn sílẹ̀. (Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo dé. Ẹ rántí ohun tí mo bì sórí aṣọ yín.) Mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí mo bá ní ara mi le, Mọ́mì á ní, “Ọpẹ́ ni, ṣe sùúrù.” Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ní mò ń wúkọ́, wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé. Mo ṣípá. Nígbà tó yá, mo ṣí ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́sẹ̀ kan, mo ní ẹ̀wà inú agolo nìkan ni mò ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní ilẹ̀ lásán ni mò ń sùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, níbi ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo ní èmi ni mò ń fọ aṣọ gbogbo ilé títí ọwọ́ mi fi ń bó. Mo gbọ́ tí Mọ́mì ń sunkún ní Maryland. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá kan ló wà nílé yẹn, ibùsùn kan. Èmi ni mo sùn lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Orí àga pálọ̀ ni Màmá Walsall ń sùn, àga tí irin rẹ̀ ti yọ, wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn, wọ́n á lọ gbé àwọn arúgbó òyìnbó. Èmi ni mo fẹ́ràn ẹ̀wà inú agolo; àwọn ló ń bẹ̀ mí kí n jẹ àsáró. Kò sí “gbogbo ilé” tí mo ń fọṣọ rẹ̀. Àwa méjì péré ni. Yorùbá tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, tí Mọ́mì fi ń fi mí yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ló kọ́ mi pẹ̀lú Bíbélì, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé.

Bí ìwé mi ṣe jáde, Mọ́mì fi ìdánwò nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń múra sí sílẹ̀, wọ́n wọkọ̀ òfuurufú wá. Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Màmá Walsall ní, “Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi.”

“N ò wọlé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi.” Gíláàsì omi ti wà lọ́wọ́ wọn, lórí àwo pẹlẹbẹ.

“N ò mu omi rẹ.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Bi ara rẹ.”

Màmá Walsall yíjú wò mí. Èmi ń wo bàtà mi. Okùn rẹ̀ dì dáadáa. Àwọn ni wọ́n bá mi dì í láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbé omi wọlé, wọ́n gbé kúlà búlúù kan jáde, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò tí wọ́n ti jí sè fún ìrìn àjò wa, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mọ́mì ní, “Gbé e sílẹ̀.” Mo gbé e lé orí ògiri kékeré ìta. Nígbà tí Mọ́mì yíjú sí takisí, mo sáré gbé e, mo tì í sínú báàgì iléèwé mi. Màmá Walsall rí mi. Wọ́n kàn mi orí.

Nígbà tí Mọ́mì sùn lọ nínú ọkọ̀ òfuurufú, mo jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ jí ìlà àga mẹ́ta; mo fún ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní dòdò kó má baà tú àṣírí. Láti ọjọ́ náà ni kúlà ti wà ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mi, lábẹ́ kóòtù òtútù. Ọdọọdún, lásìkò Kérésìmesì, káàdì kan máa ń wá láti Walsall. Mọ́mì kì í ṣí i. Wọn kì í sì í jù ú nù. Inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ń fi í sí.

Irọ́ lè sáré lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti sáré fún mẹ́rin, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí mo bá kọ kókó Mọ́mì bí wọ́n ṣe sọ ọ́, á jẹ́ pé mo tún pa irọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, lórúkọ òbí. Nítorí náà, ìmọ̀ràn kẹrin rèé: ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Coventry, ẹ sọ̀ ní Birmingham, ẹ wọ ti Walsall. Ẹ kan ilẹ̀kùn náà. Àdírẹ́sì wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Ṣùgbọ́n Mọ́mì ló máa fọwọ́ sí lẹ́tà. Bí wọ́n bá fà á ya, a jẹ́ pé ẹ ò ka eléyìí rí. Mo fi àyè ìfọwọ́sí sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, lọ́sàn-án

Ẹ ń kà á, nítorí náà wọn ò fà á ya.

Mọ́mì dé láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, wọ́n bọ́ bàtà, wọn ò jókòó, wọ́n gba ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi fìlà Gòláyátì. Níbi kìnnìún, wọ́n di tábìlì mú. Èmi ti kúnlẹ̀ láti ojú ewé kejì kí n tó jẹ gbèsè ìkúnlẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

“Orí ibùsùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Òun wá wà lórí àga.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Yétúndé? Pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìdánwò yín tí mo jẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀…”

“Mo ti ṣe ìdánwò, mo ti yege. Ta ló ń sọ ti ìdánwò?” Wọ́n wá jókòó. “N ò mu omi ọmọ ìyá mi.”

Mo retí igbe, mo retí ìgbálẹ̀, mo ti fi orí mi sí ipò tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Wọ́n ní, “Gbé kúlà yẹn wá.” Mo gbé e wá. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì sún sẹ́yìn bí ẹni tí ejò bù jẹ.

“O fọ èyí?”

“Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mà.”

“Lẹ́ẹ̀kan! Ọdún mẹ́rin! Abọ́ oní-abọ́!” Ibẹ̀ ni igbe ti wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo àpátímẹ́ǹtì ló gbọ́. Irọ́ ọdún mẹ́rin kò mú igbe wá tó kúlà tí mi ò fọ̀ dáadáa.

Wọ́n fọ̀ ọ́ fúnra wọn, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, dípò kí wọ́n lọ sùn, wọ́n gbé fúláwà jáde. “A kì í dá abọ́ padà lófìfo,” wọ́n ní. Èmi ni mo gé ṣinṣín náà, lórí ìkúnlẹ̀, láti aago mẹ́wàá títí eékún mi fi di ti ràkúnmí. Wọ́n dín in, wọ́n tú u sínú kúlà títí kò fi gba ẹyọ kan mọ́, wọ́n tì í sáàárín aṣọ yín nígbà tí ẹ lọ ṣe irun yín. Ẹ má jẹ ẹ́ o. Wọ́n ti kà á. Ó dáa, wọn ò kà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́.

Mo ní ṣé kí n gbé fóònù wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, ẹnu ọ̀nà ni àwọn ti kọ omi, ẹnu ọ̀nà ni àwọn á ti gbà á, nígbà tí àwọn bá gba ìsinmi lóṣù Kejìlá. Èmi náà ń bọ̀, mà á rákò láti ibùdókọ̀ ojú irin dé ilé náà. Títí di ìgbà yẹn, wọ́n ti yọ mí lóyè adelé, èmi ni mà á sì máa fọ ilé ìwẹ̀ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Ẹ̀yin ni adelé tuntun. Wọ́n ń bọ́ yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, wọ́n ní kí n kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí àwọn ṣe sọ ọ́: “Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, bó bá débẹ̀, kó kúnlẹ̀, kó gbé kúlà náà sílẹ̀. Kó tó jókòó, kó tó sọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Omi tí Yétúndé bá bù fún un, kó má fi ìkankan sílẹ̀ nínú gíláàsì.”

Ẹ wo ìsàlẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ẹ mu ún tán o, ẹ̀gbọ́n mi.

Táyọ̀ yín